Block kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú AutoCAD (ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà): ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo gbé block ilẹ̀kùn kan (àkójọ ìlà tí à ń lò bí ohun kan ṣoṣo) sórí layer (ìpele àwòrán) aláwọ̀ ewé, pupa ló ń yọ. Mo yí àwọ̀ layer náà padà títí, kò gbọ́. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹni tó ya block náà ló fi pupa lé àwọn ìlà inú rẹ̀ lórí ní tààrà. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wo ojú layer rárá. Ẹ tẹ BEDIT, àṣẹ tó ń ṣí inú block fún àtúnṣe, ẹ mú block náà, ẹ yan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ lọ sí Properties: Layer di 0, Color di ByLayer (ìyẹn ni pé kí ìlà gba àwọ̀ layer tó wà lórí rẹ̀). Méjèèjì ni kí ẹ ṣe o! Àwọn tó ń ṣe ti Color nìkan ló ń padà wá bi ìbéèrè kan náà. Ìlà tó jẹ́ ByLayer, tó sì jókòó sórí layer mìíràn nínú block, àwọ̀ layer ọ̀hún ni yóò máa mú níbikíbi tí ẹ bá gbé block náà sí. Ní ti ByLayer, layer 0 nìkan ló ń jẹ́ kí ohun inú block gba àwọ̀ ibi tí ẹ gbé e sí. Tí ẹ bá ti fi pamọ́, gbogbo ẹ̀dà block náà tó wà nínú àwòrán yóò yí padà pọ̀.

Ìbéèrè: Block inú fáìlì mi pọ̀ lọ jàra. Ṣé kí n máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni?

Ìdáhùn: Àṣẹ SETBYLAYER, tó ń sọ àwọ̀ ohun púpọ̀ di ByLayer lẹ́ẹ̀kan náà, lè gbà yín, ó ti wà láti AutoCAD 2008. Ẹ yan àwọn block náà. Yóò bi yín bóyá kó sọ ByBlock (kí ìlà gba àwọ̀ tí a fún ẹ̀dà block náà fúnra rẹ̀) di ByLayer. Lẹ́yìn náà, bóyá kó wọ inú block. Yes ni ẹ ó fi dáhùn èkejì. Ti àkọ́kọ́, No ni èmi máa ń mú, torí ó lè jẹ́ pé ẹni tó ya block mọ̀ọ́mọ̀ fi ByBlock sí i. Àmọ́ SETBYLAYER kì í kó nǹkan lọ sí layer 0, kì í sì í fọwọ́ kan ohun tó wà lórí layer tí wọ́n tì pa. Nítorí náà, àwọn block tí ẹ ń lò jù, ẹ ṣì fi BEDIT tún wọn ṣe.

Ìbéèrè: Ìgbà wo wá ni ByBlock wúlò?

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ yí àwọ̀ ẹ̀dà kan ṣoṣo padà láìkan àwọn yòókù. Ìyẹn kì í wọ́pọ̀.

Ìbéèrè: Mo ti tún block ṣe nínú fáìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e wọ àwòrán àtijọ́, ti tẹ́lẹ̀ ló ń yọ.

Ìdáhùn: Àwòrán yẹn ti ní block olórúkọ kan náà, tirẹ̀ ni yóò sì lò. Ẹ tẹ -INSERT, ẹ kọ orúkọ block, àmì ìdọ́gba, àti ibi tí fáìlì tuntun wà, bí ilekun=C:\block\ilekun.dwg. Ẹ gbà kó rọ́pò ti àtijọ́, kí ẹ wá tẹ Esc kó má bàa gbé ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀. Bí block náà bá ní attribute (ọ̀rọ̀ tí à ń kọ sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan), ẹ fi àṣẹ ATTSYNC tẹ̀lé e, kí attribute àwọn ẹ̀dà tó ti wà lè bá ti tuntun mu.

Ìbéèrè: Àwọ̀ ti bára mu, ṣùgbọ́n ìlà ilẹ̀kùn nípọn jù lórí ìwé.

Ìdáhùn: CTB, fáìlì ìlànà ìtẹ̀wé tó ń tẹ̀lé àwọ̀, lẹ ń fi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Nínú CTB, àwọ̀ ló ń pinnu bí ìlà yóò ṣe nípọn tó: bí ẹ bá sọ pupa di ewé, ẹ ti pààrọ̀ bírò. Ẹ ṣí fáìlì CTB náà kí ẹ tó yan àwọ̀ fún layer, kí ẹ sì mú èyí tí ìnípọn rẹ̀ bá ilẹ̀kùn mu.