Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Géèmù Adẹ́rùbani Láì Sọ Ọmọ Èèyàn Di Iwin

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń ṣe géèmù ní Yábàá, Ṣúrúlérè, Ìkòròdú títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, yálà ẹ ní ọ́fíìsì o, tàbí láptọ́ọ̀pù kan àti jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Inú mi dùn gan-an pé géèmù adẹ́rùbani ló ń wu ọ̀pọ̀ nínú yín láti ṣe, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo nǹkan ilé wa, eégún, àbíkú, iwin inú igbó, ọ̀sà lóru. Àmọ́ ibi tí ẹ̀rù ti máa jáde nínú géèmù yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, torí tẹ́ ẹ bá gbé e sí ibi tí kò yẹ, èèyàn gidi tó ń rìn ládùúgbò yín ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Resident Evil 5, géèmù adẹ́rùbani kan tó lókìkí. Ní 2007, Capcom, ilé iṣẹ́ àwọn ará Japan, gbé fídíò ìpolówó ẹ̀ jáde. Ohun tí gbogbo ayé rí ni Chris Redfield, akọni géèmù náà, òyìnbó, tó gbé ìbọn láàárín ìlú kan ní Áfíríkà, tí àwọn èèyàn dúdú ń ya bò ó, tó sì ń yìnbọn pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. N'Gai Croal, akọ̀ròyìn dúdú tó ń kọ̀wé fún Newsweek, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, nígbà yẹn, wà lára àwọn tó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ní 2008, ó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn, èèyàn ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò ní. Àwọn kan ní kí ló ń dun àwọn èèyàn, ṣebí nínú Resident Evil 4 ti 2005, ará abúlé Yúróòpù tó ń sọ Spanish ni wọ́n ń pa. Ẹ mọ ìdáhùn ìyẹn dáadáa o, torí ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Lóṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó yìí títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò nílùú, ní 1897 wọ́n tún ṣe ti Benin, wọ́n sì máa ń kọ ìròyìn ẹ̀ sílé pé ẹhànnà làwọn lọ tún ìlú wọn ṣe. Òyìnbó tó ń yìnbọn fún èrò dúdú, a ti rí i ní tòótọ́ kí géèmù tó dáyé. Nígbà tí géèmù yẹn wá jáde lóṣù Kẹta 2009, Sheva Alomar, obìnrin Áfíríkà, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chris, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣeré dé inú irà, ẹ ṣì máa bá àwọn èèyàn tó ró koríko, tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ wá pa yín.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ṣí Unity tàbí Unreal tàbí Godot tí wọ́n fi ń ṣe géèmù rárá, ẹ mú bébà, ẹ kọ gbólóhùn kan péré sí i: kí ni nǹkan burúkú inú géèmù yìí ṣe? Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ irú ẹni tó jẹ́ o. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ rí kọ ò ju pé àwọn ará abúlé kan wà tí wọ́n ń bọ òrìṣà, ẹ ò tíì ní ìtàn, èèyàn lẹ ṣì ń bú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹnì kan ta ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá ẹ̀ sí, ó sì parọ́ fún gbogbo ẹbí, ẹ̀rù ti wọlé nìyẹn, ará Èkó tó bá ti bá ọmọ onílẹ̀ fa ọ̀rọ̀ rí á mọ̀ ọ́n lára kẹ́ ẹ tó pa iná.

Ẹ wo zombie fúnra ẹ̀, òkú tí wọ́n ní ó jí tó ń rìn kiri. Haiti ló ti wá, láàárín àwọn èèyàn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké àwọn Faransé. Ohun tó ń bani lẹ́rù nínú ìtàn yẹn ni olówó ẹrú, pé èèyàn lè kú kó má sì bọ́ lóko, kí wọ́n tún jí i dìde kó máa ṣiṣẹ́ lọ láìní ọkàn tiẹ̀. Nígbà tí àwọn fíìmù Amẹ́ríkà ayé ijọ́un gbé e, wọ́n rọra yọ olówó ẹrú kúrò, ó wá ku ara dúdú tí wọ́n ní ká máa sá fún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù nípa Badagry àti ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí níbẹ̀, kó rántí ìyẹn. Ẹni tí ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́ ni ká máa yìnbọn fún, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Freedom Park ní Broad Street náà, ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ á dáa gan-an fún géèmù, bó bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n yẹn gan-an ni iwin.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ti ère ìbejì. Ọmọláńgidi tó ń pààyàn pọ̀ nínú géèmù òyìnbó, tẹ́nì kan bá wá fẹ́ ṣe ti Yorùbá, ère ìbejì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. A wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù láyé yìí. Láyé àtijọ́, tí ọ̀kan bá kú, ẹbí á lọ bá babaláwo, wọ́n á ní kí wọ́n gbẹ́ ère, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, á máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún èyí tó wà láàyè. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ti pẹ́ dáadáa, ojú àti imú ẹ̀ á ti fẹ́ parẹ́ tán, ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé ọ̀bẹ sí nǹkan yẹn lọ́wọ́, ẹ ní kó máa sáré lé èèyàn nínú kọ́ríídọ̀! Ọ̀fọ̀ abiyamọ lẹ sọ di apànìyàn o. Ṣé kẹ́ ẹ má lò ó rárá ni? Rárá o, ẹ lè lò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣeré máa tọ́jú ère yẹn, kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa bu oúnjẹ fún un, lálẹ́ ọjọ́ kan kó wá débẹ̀ kó má bá a mọ́, torí ẹnì kan nínú ilé ti jí i lọ tà fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ lọ sókè òkun. Ẹni tó jí i ni kí òru bá. Ère yẹn lè má mira rárá látìbẹ̀rẹ̀ dópin kó sì ba èèyàn lẹ́rù ju èyí tó ń sáré lọ.

Àbíkú náà, ẹ rọra. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, orúkọ àbíkú ni gbogbo ẹ̀, ọba Èkó tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gan-an ló jẹ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n, àrùn yẹn ṣì wà nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ṣe é látojú ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ lóru, ẹ má sọ ọmọ tó ń ṣàìsàn di nǹkan tá à ń sá fún.

Ó wá kan Ẹ̀yọ̀, eégún àti Orò. Nǹkan wọ̀nyí ní àwọn tó ni wọ́n, ẹ má ṣe wọ́n bí ẹni pé wọ́n wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yọ̀ Adímú pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú, Lábà, Oníkò, Ológẹ̀dẹ̀, Agẹrẹ, gbogbo wọn ló ní ìga, ìyẹn ilé ìjòyè, tó ni wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àmọ́ ẹ wo bí òfin wọn ṣe bá géèmù mu: o ò gbọdọ̀ wọ bàtà, o ò gbọdọ̀ dirun ṣùkú, o ò gbọdọ̀ mu sìgá, o ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, tó o bá ṣẹ̀, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, á bá ẹ. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ wá látọwọ́ ohun tí ẹni tó ń ṣeré fúnra ẹ̀ ṣe, ó mọ òfin, ó sì rú u. Tí àwọn tó ni ín ò bá fún yín láyè, ẹ dá eégún tiyín sílẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ tuntun, aṣọ tuntun àti òfin tiẹ̀, ẹ má wọ agbádá funfun àti àkẹtẹ̀ fún un kẹ́ ẹ wá ní kì í ṣe Ẹ̀yọ̀. Ní ti Orò, ẹ má yà á. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn lókèèrè, kí ilẹ̀kùn máa tì gbàgà-gbàgà ládùúgbò, ó tó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá àgbà, ẹ sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ fún bàbá pé iṣẹ́ àṣà lẹ̀ ń ṣe kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rù pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ sọ pé ‘Bàbá, eré tó ń dẹ́rù bani la fẹ́ fi ṣe o.’ Ẹ san owó fún àkókò wọn kí iṣẹ́ tó parí, ẹ bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ní ‘èyí ò ṣe é fi hàn’, ẹ yọ ọ́, ẹ má wá ẹlòmíì tó máa gbà fún yín. Ọ̀nà yìí ṣeé tọ̀. Àwọn tó ṣe Never Alone ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn ará Alaska ló wà nídìí ẹ̀, àgbà Iñupiat, ọmọ ìbílẹ̀ Alaska, sì dá sí ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀. DreadOut ti Indonesia náà jáde lọ́dún yẹn, iwin ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe é, fóònù ọmọ ilé ìwé sì ni ohun ìjà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù lọ rèé. Ohun tí wọ́n ṣe sí wa nínú Resident Evil 5, àwa náà lè ṣe é sí ẹlòmíì l'Ékòó níbí. Tó bá ti jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ ti ń wá oògùn burúkú ni Mákòókò, tó jẹ́ Ègùn ló máa ń ṣe é, kí ló yàtọ̀? Àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tó wà lórí omi yẹn, apẹja ni wọ́n, ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé, Zangbeto wọn sì jẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Bẹ́ẹ̀ ni ti máláamù tó jẹ́ pé ìgbà tó bá sọ Hausa ni orin á yí padà. Àfín náà ńkọ́? Àwọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ géèmù ń wọ̀ fún òkú. Ní Tanzania àti Malawi wọ́n ti pa àfín torí ẹ̀yà ara wọn, láàárín tiwa sì rèé, ẹni òrìṣà ni wọ́n, àwọn àti abuké, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ìyá arúgbó tó dá jókòó kì í ṣe àjẹ́. Pélé àti àbàjà kì í ṣe àmì iwin, ojú ìyá ìyá ẹlòmíì lẹ̀ ń yà yẹn.

Ẹ pààrọ̀ wọn wò. Ẹ mú ọ̀tá inú géèmù yín, ẹ fi ará ìlú ìyá yín sípò ẹ̀, kí ohun yòókù wà bó ṣe wà. Tí inú bá bí yín, ẹ padà sórí bébà.

Ní ti àwọ̀ ara, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú awọ òyìnbó, wọ́n á kàn dín base color ẹ̀, ìyẹn àwọ̀ ìpìlẹ̀ ẹ̀, kù títí á fi dúdú. Tó bá wá di ibi tó ṣókùnkùn, ojú èèyàn á pòórá, ẹyinjú àti eyín nìkan lá kù, àwòrán ìfiniṣẹ̀sín tí àwọn òyìnbó fi ń ya wá láyé àtijọ́ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń hàn lára awọ dúdú, ó ń dán níwájú orí, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́bàá imú, ẹ tún roughness ẹ̀, ìyẹn bó ṣe rí gbẹrẹgẹdẹ tàbí dán, ṣe kí dídán yẹn lè jáde. Ẹ gbé iná kékeré sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ èèyàn dípò kẹ́ ẹ tàn án sójú ẹ̀ tààrà. Àtẹ́lẹwọ́ ò dúdú tó ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ rántí yà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé akọni yín lọ sí yàrá tó ṣókùnkùn jù nínú géèmù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá èèyàn rí i pé inú ẹ̀ bà jẹ́ tàbí ẹ̀rù ń bà á. Ẹ tún wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀: tó bá jẹ́ ẹni pupa ló ń gba èèyàn là ṣáá, tó jẹ́ ẹni tó dúdú jù ló ń pààyàn, ẹ tún un pín.

Ìlù náà ń sọ̀rọ̀ o. Gángan àti dùndún tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríkì ẹnì kan lè wà nínú ẹ̀, bàtá sì ní ibi tí wọ́n ti ń lù ú. Ní 2008, Sony ní láti dá LittleBigPlanet dúró kó tó jáde, torí orin Toumani Diabaté, ọmọ Mali, tó wà nínú ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Kùránì nínú, àwọn Mùsùlùmí sì sọ pé kò yẹ kó wà nínú géèmù. Ẹ wá onílù, ẹ sanwó fún un, kó lù ú tuntun, kó sọ ohun tó sọ fún yín. Ọfọ̀ gidi, ẹ má kà á sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni rere ló ń fimú sọ Òyìnbó, iwin nìkan ló ń sọ Yorùbá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dán an wò, ẹ pe Ègùn kan, ẹ pe àfín kan, ẹ pe ìyá àgbàlagbà kan sínú yàrá. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, ẹ jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn fún. Tí ẹni yẹn ò bá tíì ṣe ohunkóhun, bẹ́ ẹ ṣe yà á ló dá a lẹ́bi. Ẹ bi wọ́n kí ló jẹ́ kí wọ́n yìnbọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Tí géèmù bá ti jáde, tẹ́nì kan wá sọ pé ẹ ṣẹ òun, ẹ má dá a lóhùn pé géèmù lásán ni. Ẹ bèèrè ibi tó wà gan-an, ẹ lọ wò ó pẹ̀lú ẹni tó wá láti ibẹ̀, tó bá jẹ́ òótọ́ ẹ tún un ṣe nínú update tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ yí padà síbẹ̀ kedere, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ fún yín tó bá gbà.