Bí a ṣe ń tún òrùlé ọkọ̀-ilé ṣe lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìjì

Ìjì tí ó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún, kì í jà kí ó má ba nǹkan jẹ́. Bí ó bá bá ọkọ̀-ilé lójú ọ̀nà, òrùlé ni ó máa ń dojú kọ. Ọkọ̀-ilé tí mo ń wí ni bọ́ọ̀sì ńlá tí a yọ ìjókòó inú rẹ̀, tí a tẹ́ ibùsùn sí, tí a gbé sítóòfù sí, tí a sì lu òrùlé rẹ̀ nítorí fèrèsé atẹ́gùn tàbí sólà. Etí àwọn ihò tí a lù wọ̀nyí ni omi sábà máa ń gbà wọlé, kódà nígbà tí igi kò bá wó lu ọkọ̀ náà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ka igi já lu òrùlé tèmi lójú ọ̀nà Ìtórí sí Abẹ́òkúta. Ìkánjú ni mo fi da ọ̀dà dúdú sójú ibẹ̀ nígbà tí páànù ṣì tutù. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ọ̀dà náà fi ṣí, odidi ọjọ́ méjì ni a sì fi ha á kúrò kí páànù tó fojú hàn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a bá fi dí omi ní wákàtí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè ká kúrò láìfi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ó tẹ́jú dúró sí, tí kò sí lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ wáyà iná. Ìlú olókùúta ni Abẹ́òkúta, omi kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣàn kúrò lórí àpáta wá sí ẹsẹ̀ òkè, nítorí náà ẹ má ṣe dúró sí ibi tí gọ́tà dojú kọ. Láti ìlà-oòrùn ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá ní ilẹ̀ wa. Bí ààyè bá wà, ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí ìhà ibẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àrá bá ṣì ń sán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkè ọkọ̀.

Inú ọkọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú wáyà bátìrì, kí ẹ sì kọ́kọ́ tú èyí tí ó wà lórí àmì àyọkúrò (−). Bí sólà bá wà lórí òrùlé, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn bò ó, nítorí pé yóò máa mú iná wá níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń kàn án. Bí ẹ bá rí i tí àjà wú sísàlẹ̀ bí ikùn, omi ti dúró síbẹ̀. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ìṣó lu ibi tí ó wú jùlọ, kí omi náà jáde kí ó tó já àjà lulẹ̀.

Tàpólì, irú èyí tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń bo ẹrù, ni kí ẹ fi bo òrùlé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ká aṣọ àkísà sí gbogbo ibi tí ó mú kí ó má baà ya á, kí ẹ so okùn mọ́ férémù abẹ́ ọkọ̀, kí okùn náà má sì kan páìpù èéfín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rìn, ẹ rìn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dúró yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀. Tàpólì tí kò fún dáadáa máa ń gbá ara òrùlé títí yóò fi ha ọ̀dà ara rẹ̀ dànù. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù silicone tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé dí ojú ọgbẹ́ náà, nítorí pé ohun mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó bá ti kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí òrùlé sì ti gbẹ lókè, ẹ ní kí ẹnì kan di àkàbà mú. Pákó ni kí ẹ tẹ́ kọjá orí òrùlé, kí ẹ sì kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí àárín páànù lè dá ihò mìíràn sílẹ̀. Ẹ fi òòfà, bíi ti inú sípíkà tí ó ti bàjẹ́, kan òrùlé náà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù, faíbà tàbí rọ́bà, ojú àti ọwọ́ yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn yín.

Ibi tí omi ń kán sí lábẹ́ kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti wọlé. Omi máa ń tọ igi àjà lọ, ó lè rin ìwọ̀n mítà kan tàbí méjì kí ó tó wá ibi jábọ́. Nítorí náà, ẹ ṣí àjà títí dé ibi tí igi ti gbẹ, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan. Ìṣísẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún, òun ni ó sì ń mú kí igi jẹrà lábẹ́ àtúnṣe tí ó dára lójú. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ojú igi náà mọ́jú. Bí ẹ bá bá ìrì nínú ọ̀rá ní àárọ̀, kò tíì gbẹ.

Kí ẹ tó wọ ọjà Láfẹ́ńwá tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ ra ohun èlò, ẹ wọn ojú ọgbẹ́ náà. Fún òrùlé irin tàbí alumíníọ̀mù, ẹ gé páànù irú kan náà, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ju ihò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì yí igun rẹ̀ roboto kí atẹ́gùn má rí ibi mú. Bí páànù bá sán, ẹ lu ihò mìlímítà 3 sí ìparí ibi tí ó sán dé, kí ó má baà máa sán lọ. Ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi sípíríìtì nù ún, lẹ́yìn náà ẹ fa gọ́ọ̀mù polyurethane, irú èyí tí àwọn tí ń lẹ wíńsíkíríìnì ń lò, yí etí rẹ̀ po kí ẹ tó gbé e lé e. Ẹ fi rívẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tí ń di páànù méjì mọ́ra, kàn án ní sẹ̀ǹtímítà 5 síra, kí ẹ tún fi gọ́ọ̀mù bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti gbogbo etí páànù náà, pàápàá jùlọ etí tí ó kọjú sí iwájú ọkọ̀. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ fi kan alumíníọ̀mù, nítorí pé bí irin bá bá a pàdé nínú omi, jíjẹ ni yóò máa jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe gbà kí wẹ́dà fi iná jó o níbi tí fọ́ọ̀mù àti igi ṣì wà lábẹ́.

Faíbà rọrùn díẹ̀ ju ìyẹn lọ: ẹ ha á, ẹ tẹ́ aṣọ faíbà, ẹ fi resin, gọ́ọ̀mù olómi tí a ń po mọ́ ohun tí ń mú un le, sí i ní ìpele-ìpele. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má sì po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé oòrùn Abẹ́òkúta kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó le. Ẹ bo imú. Ní ti rọ́bà, ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún, wíwú ni yóò wú. Omi àti ọṣẹ ni, lẹ́yìn náà ẹ lẹ irú rọ́bà kan náà mọ́ ọn. Tíúùbù táyà àlòkù láti ọ̀dọ̀ fọganáísà kọ́ ni mo wí.

Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti gan, ẹ da omi lé òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì máa wò ó nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ kò ní mọ ibi tí ó ti ń jò. Ẹ má ṣe kan àjà padà títí òjò gidi kan yóò fi rọ̀ lé e. Bí Ìbàdàn ni ẹ bá ń lọ, ẹ dúró ní Ọ̀dẹ̀dá, ẹ tún gun àkàbà, kí ẹ fi ìka mi orí rívẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ń mì, ẹ yọ ọ́ kí ẹ sì fi òmíràn tí ó tóbi díẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.