Azithromycin Kì í Ṣe Oògùn Ọ̀fìnkìn

"Ẹ fún mi ní ọlọ́jọ́-mẹ́ta yẹn." Báyìí ni àwọn oníbàárà ṣe ń béèrè azithromycin nílé oògùn wa. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n á ní imú ló ń ṣàn, ọ̀fun ló ń yún àwọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Azithromycin, erythromycin àti clarithromycin, ọmọ ìyá ni wọ́n, macrolide lorúkọ ìdílé wọn, bakitéríà ni wọ́n sì ń bá jà. Inú bakitéríà ní ibi tó ti ń rọ purotéènì, bí ilé alágbẹ̀dẹ. Ọ̀nà tí purotéènì tuntun ń gbà jáde níbẹ̀ ni macrolide máa ń dí, bakitéríà ò wá ní lè dàgbà mọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn ò ní ilé alágbẹ̀dẹ kankan, tiwa ló ń yá lò. Kí wá ni oògùn fẹ́ dí? Lọ́dún 2020, wọ́n dán azithromycin wò lára àwọn tí Kòrónà dá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní Ìlú Ọba. Ikú àwọn tó lò ó kò dín sí ti àwọn tí kò lò ó.

Ẹlòmíràn á lo hóró kan, ara á fúyẹ́, á tọ́jú ìyókù de ọjọ́ mìíràn. Ẹlòmíràn á lò ó tán, lọ́jọ́ kẹrin á ní kò ṣiṣẹ́, kí n fún òun ní èyí tó le jù ú lọ. Ẹ ní sùúrù. Ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 68 kí ìdajì azithromycin tó kúrò lára, nítorí náà ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí páálí ti ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ga sí i tàbí èémí ń há, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àpòpọ̀. Bàbá kan gbé ìwé oògùn ọgbẹ́ inú wá, clarithromycin wà níbẹ̀. Mo rí páálí simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, nínú àpò wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń lo eléyìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Alaalẹ́ ni."

Wọn ò sọ fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ simvastatin. Clarithromycin àti erythromycin máa ń so ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, simvastatin á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ títí iṣan ara á fi máa bàjẹ́, tí kíndìnrín á sì bá a lọ. Mo pe dókítà. Ó ní kí bàbá dá simvastatin dúró títí clarithromycin á fi tán.

Ẹni tó ní àìsàn ọkàn náà kò gbọdọ̀ dá po macrolide mọ́ artemether-lumefantrine nítorí ibà. Àwọn méjèèjì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Ẹ má lọ hóró erythromycin kúnná o, omi kíkan inú ikùn á bà á jẹ́. Ẹ̀yin ìyá ọmọ náà, oògùn olómi clarithromycin kì í wọ fíríjì. Á ki, á korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ á sì tu ú sí yín láṣọ.