Wákàtí Méje ní Lomé: Lẹ́tà Mẹ́ta Tó Ná Mi ní 30,000 Sẹ́fà

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá ni. Èkó ni mo ti ń lọ sí Dakar, mo sì ní wákàtí méje ní Lomé kí ọkọ̀ òfurufú kejì tó gbéra. Wákàtí méje tó ó wo Lomé dáadáa. Pápákọ̀ òfurufú wọn kò jìnnà sí ọjà ńlá ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà lọ, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà, ọjọ́ 90 ni ECOWAS fún wa. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ ni mo fi ti ẹrù kiri, mo sì tún san 30,000 sẹ́fà lé e lórí.

Èkó gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà, Èkó sí Lomé lọ́tọ̀, Lomé sí Dakar lọ́tọ̀, torí pé ó dínwó díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni méjèèjì, àmọ́ kóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dá tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ní. Mo fi ìwé méjèèjì han òṣìṣẹ́ tó wà ní káńtà, ó ní Dakar ni màá ti gba ẹrù mi. Mo gbà á gbọ́, n kò sì wo táàgì, bébà gbọọrọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù.

Bí wọ́n ṣe ń ka táàgì nìyí. Lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi jù lára bébà gbọọrọ yẹn ni ibi tí ẹrù máa parí ìrìn rẹ̀ sí. LOS ni Èkó, LFW ni Lomé, DSS ni Dakar. Bí ẹrù bá ń lọ tààrà sí Dakar, DSS ló máa tóbi, wàá sì rí LFW níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó máa gbà kọjá, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì. LFW nìkan ló wà lára tèmi. Ìgbà tí mo dé Lomé, tí mo wo èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn boarding pass mi, ni mo tó rí i.

Báàgì mi méjèèjì, kìlò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo bá níbi tí ẹrù ti ń yí. Àwọn aṣọ́bodè ní kí n tú wọn: èlùbọ́, gàrí, kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Sọ pé o wà ní “transit”, kí o sì fi ìwé ọkọ̀ kejì hàn wọ́n kíá kí ìbéèrè tó pọ̀. Epo pupa yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbé báàgì náà dání wọ inú ọkọ̀, torí ohun olómi tó bá ju mìlílítà 100 lọ kò lè kọjá níbi àyẹ̀wò.

Káńtà ọkọ̀ Dakar kò tíì ṣí. Wọ́n ní ó di wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń bá èrò tọ́jú ẹrù, n kò rí i. Mo dúró sí ẹnu káńtà tó wà ní títì, mo bẹ ọlọ́pàá, mo bẹ àwọn tó ń gbé ẹrù, gbogbo rẹ̀ já sí asán, torí kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lágbára lórí kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ. Àwọn ló lè ṣí orúkọ rẹ, àwọn náà ló sì lè bá ọ gba ẹrù ṣáájú àkókò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló gbà wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì ni wọ́n fi wọn ẹrù, báàgì kan ṣoṣo ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sì gbà. Bí owó 30,000 sẹ́fà ṣe lọ nìyẹn. Ká ní kóòdù kan ni mo fi rà á, báàgì méjì tí wọ́n gbà láti Èkó ló máa dé Dakar láìsan kọ́bọ̀. Owó 30,000 yẹn ju iye tí mo rò pé mo dín lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo gbádùn Lomé, mo sì fi ìwọ̀nba àkókò tó kù ṣe nǹkan gidi. Wo aago rẹ kí o tó jáde: wákàtí kan ni Togo fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Yúrò ni kí o mú lọ ṣẹ́ńjì. Iye rẹ̀ sí sẹ́fà kì í yí padà, 655.957 ni. Ogún yúrò fún mi ní nǹkan bí 13,000, ó sì tó. Béèrè fún 500 àti 1,000, torí ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kì í ní ṣẹ́ńjì 10,000. Takisí béèrè 5,000 lọ́wọ́ mi. Zémidjan gbé mi ní 500 lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò kí n tó gùn ún.

Grand Marché wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà tí àwọn ará Jámánì kọ́ parí ní 1902. Nítorí aṣọ ni mo ṣe lọ. Ilé alájà tí àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin tó ń ṣòwò aṣọ, ti ń ta ánkárá jóná ní January 2013, ṣùgbọ́n òwò aṣọ kò kúrò ní àdúgbò náà. “Pagne” ni wọ́n fi ń dá iye lé e: pagne kan jẹ́ yáàdì méjì. Ẹni tó bá fẹ́ yáàdì mẹ́fà, kó sọ iye tí wọ́n bá dá di ìlọ́po mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náà án. Ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí aṣọ náà, kí wọ́n má baà ta ayédèrú fún ọ.

Fún oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní fufu níbẹ̀, iyán ni. Adémè wọn, ewédú ni. Mo jẹ iyán, mo rìn dé etíkun, n kò wọ omi, torí ìgbì ibẹ̀ ń fa ènìyàn lọ. Aago mẹ́ta kù ogún ìṣẹ́jú, mo ti padà sí pápákọ̀.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ láti Dakar, tíkẹ́ẹ̀tì kan ni mo rà. Mo dúró ti òṣìṣẹ́ náà títí táàgì fi jáde. LFW ló tún kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ní kó fà á ya. Òmíràn jáde, LOS ló tóbi lára rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ kí báàgì tó lọ.