Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ so ọ̀pá ilẹ̀ yín pọ̀

Ọ̀pá ilẹ̀ méjì, ìyẹn ọ̀pá bàbà tó ń darí iná mànàmáná wọlẹ̀, ni mo rì mọ́lẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ na eriá rédíò mi ní Ògìdì: ọ̀kan nídìí òpó eriá, èkejì lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ mítà iná. N kò so wọ́n pọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta dé, ààrá lu igi ìrókò kan lókè ilé wa. Kò kan òpó mi rárá. Síbẹ̀, nígbà tí mo tú rédíò náà, ẹnu ibi tí wáyà eriá ń wọ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò, òórùn ike jíjó sì gba yàrá kan. Ó dùn mí wọra, torí ọdún méjì ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ.

Bí mànàmáná bá wọlẹ̀ nítòsí ọ̀pá kan, agbára iná ibẹ̀ á ga ju ti ọ̀pá kejì lọ fíìfíì, á sì wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rédíò mi, tí wáyà eriá so mọ́ ọ̀pá kan tí wáyà iná sì so mọ́ èkejì, ló fi ṣe afárá. Nítorí náà, ẹ fi wáyà bàbà tó nípọn, tí kò ní ike lára, so gbogbo ọ̀pá pọ̀ níta, lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ẹ bí igun àpótí, ẹ jẹ́ kó rọra yí. Kílíǹpù bàbà ni kí ẹ fi dè é. Bí ẹ bá fi òjé jó o pọ̀, òjé á yọ́.

Ọ̀pá tó gùn tó mítà 2.4 ni wọ́n máa ń ní ká rì. Níbí, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ kó tó dún kò! lórí àpáta. Ẹ má gé e kúrú kí ẹ ní ó ti tó. Wáyà bàbà ìhòhò ni mo gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sin sí ọ̀nà mẹ́rin láti ìdí òpó, ọ̀kan sì gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí, torí ilẹ̀ tútù ló ń gba iná. Àwọn oníná wa máa ń da iyọ̀ sí kòtò; iyọ̀ ń jẹ bàbà, ẹ má dà á.

Kí wáyà eriá tó wọlé, ẹ so àwọ̀n bàbà tó yí i ká mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi arrestor sí i, ìyẹn ohun kékeré tó ń darí agbára mànàmáná láti ara wáyà lọ sínú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ààrá bá lu òpó gan-an, kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó dájú pé yóò gba rédíò là. Yíyọ ló kù: wáyà eriá, wáyà iná, àti èyí tó lọ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú lápá Kábà ni mo ń yọ ọ́. Bí ẹ bá rí mànàmáná tí ààrá sì sán kí ẹ tó ka 30, ó ti pẹ́ jù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Orí wáyà tí mo bá yọ, inú ike tí mo so mọ́ ògiri ìta ló ń sùn, kì í wọ yàrá wá.