Ewì Kan, Ìwé Méjì: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ìdíje Ewì Àkọ́sórí

Ọmọbìnrin náà kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Síbẹ̀, nínú máàkì mẹ́jọ tí a yà sọ́tọ̀ fún kíké ewì bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, ẹyọ kan péré ni wọ́n fún un. Èmi ni mo ṣètò ìdíje yẹn, èmi náà ni mo sì dá wàhálà ọ̀hún sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìdíje ewì àkọ́sórí fún àwọn ọmọ girama ni. Kí n má fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, gbọ̀ngàn àti lẹ́tà àwọn adájọ́ dá yín lágara. Ẹni tó bá ti ṣètò ìpàdé òbí rí á mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí mo ti lè yangàn ni ìdánrawò. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, bí ewì bá ti dárúkọ ọ̀run, gbogbo wọn á nawọ́ sókè. Bó bá dárúkọ ọkàn, wọ́n á gbá àyà mú. Mo ní kí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, kí ohùn nìkan máa ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kùn bí oyin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ń gbọ́ ọ ketekete. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Gbólóhùn kan ló kó bá mi: "Ẹ lọ wá ewì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì."

Ọmọbìnrin yìí mú ewì Emily Dickinson, akéwì obìnrin ará Amẹ́ríkà, èyí tí Ikú ti fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin wá gbé obìnrin kan, tí wọ́n jọ ń rọra lọ. Ẹsẹ márùn-ún ló kọ́. Nínú ìwé tí mo fún aránnilétí àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu akéwì, ẹsẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ewì náà lẹ́nu ọmọ yìí bí ogún ìgbà o! Ohùn ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó dé ìparí ẹsẹ kẹta, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, ó dákẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó dákẹ́ níbẹ̀, kó ka ení, èjì nínú ọkàn rẹ̀. Kó tó ka èjì, aránnilétí ti sọ ọ́ sí i wúyẹ́wúyẹ́ láti ìlà iwájú: "Or rather." Ọmọ náà wò ó. Kò gbọ́ ìlà yẹn rí láyé. Mo rí ètè rẹ̀ tó ká rogodo láti pe "Or" yẹn, tó tún tú u ká. Lẹ́yìn ìdákẹ́ tó gùn, ó bọ́ sí ẹsẹ tó mọ̀, ó sì ké e parí. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kò gbé bírò kúrò lórí ìwé.

Bàbá rẹ̀ mú ìwé tí ọmọ fi kọ́ ewì wá bá mi. "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé ọmọ mi ló jókòó kọ ọ́ ni?" Mo ní kí wọ́n dá èsì dúró, mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì. Kì í ṣe ẹsẹ kan nìkan ló yàtọ̀. Tirẹ̀ ní àkọlé, "The Chariot". Tèmi kò ní. Níbi tí tèmi ti ní àwọn ọmọdé wà lákòókò ìsinmi, tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ parí. Ogójì ìṣẹ́jú la fi jiyàn. Adájọ́ kan ní ìwé tí ìdíje bá fọwọ́ sí ni òfin. Èkejì bi í pé ta ló fi ìwé ọ̀hún han ọmọ. Ojú mi wálẹ̀.

Àṣé méjèèjì ló ní ìdí. Dickinson ti kú ní 1886 kí ewì náà tó jáde nínú ìwé ní 1890. Àwọn tó ṣe ìwé yẹn ló fún un lákọlé, wọ́n yọ ẹsẹ kẹrin, wọ́n sì tún àwọn ìlà kan ṣe. Ìgbà tí onímọ̀ kan, Thomas H. Johnson, tẹ ewì Dickinson ní 1955, tó tẹ̀ lé bí obìnrin náà ṣe kọ ọ́, ni ẹsẹ yẹn padà sípò. Ti 1890 ló sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Mo dá máàkì mẹ́jọ náà padà fún un. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ gígùn yẹn ti wọ inú máàkì ohùn àti ìdúró, àwọn adájọ́ sì ní ohun tí ojú àwọn rí làwọn kọ.

Ní Amẹ́ríkà, láti 2005 ni Poetry Out Loud, ìdíje ewì àkọ́sórí àwọn ọmọ girama níbẹ̀, ti ń ṣe tiwọn, inú àkójọ ewì tí wọ́n fúnra wọn ṣe sì ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ mú ewì rẹ̀. Mo ti mọ òfin yẹn tipẹ́, àṣejù ni mo kà á sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ ewì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ti akéwì, ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀, ti aránnilétí. Kí akéwì fúnra rẹ̀ fi bírò pupa sàmì síbi tó máa dákẹ́ sí lórí ti aránnilétí. Kí aránnilétí má sì la ẹnu àfi bí ọmọ bá kọjú sí i. Adájọ́ mẹ́ta ni o, márùn-ún ni o, ìyẹn kò kàn mí.

Ipò kejì ni ọmọbìnrin náà ṣe. Máàkì méjì ni ẹni àkọ́kọ́ fi jù ú lọ, ọmọkùnrin tó ń kùn bí oyin lọ́jọ́sí. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mi ò mọ irú ojú tí mo fi pa á.

Ọmọbìnrin náà ti kọ́ ẹsẹ kẹrin báyìí. Bó bá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Or rather," á sì bá tiẹ̀ lọ.