Bí Mo Ṣe Mú Àmì Omi Líle Kúrò Lára Ọkọ̀ Mi ní Ṣágámù

Toyota Camry dúdú ni mo ń wà, Ṣágámù ni mo sì ń gbé. Omi kànga-dẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò wa ń lò, níbikíbi tí omi náà bá sì gbẹ sí, kò ní ṣàì fi àmì funfun sílẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ mi àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ó jìyà jù, nítorí pé táǹkì omi ilé wa máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ ẹ̀kán rẹ̀ sára ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí. Òun kan náà ni wọ́n ń wú ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, wọ́n sì ń wú u níhìn-ín náà. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ á gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́ àti láti inú erùpẹ̀, á wá ní ìkan díẹ̀, ìkan yẹn ni ó sì fi ń jẹ òkúta náà bí ó ti ń sẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Calcium àti magnesium tí ó bá kó níbẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di omi líle. Ẹni tí ó bá ń fọṣọ kò nílò ẹ̀rọ kankan kí ó tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìpẹ́ funfun a sì máa lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Àwọn onímọ̀ a máa fi mílígíráàmù wọn ohun tí ó wà nínú lítà omi kan: èyí tí kò bá ju 60 lọ ni omi rírọ̀, èyí tí ó bá sì ju 180 lọ ni wọ́n ń pè ní omi líle gan-an.

Bí ẹ̀kán irú omi bẹ́ẹ̀ bá dúró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbígbóná, omi nìkan ni ó ń fò lọ, òkúta tí ó gbé wá kò lè bá a lọ. Ẹ wo àmì kan dáadáa, ẹ ó rí i pé òrùka ni, etí rẹ̀ sì nípọn ju àárín lọ, nítorí pé etí ni ẹ̀kán omi ti ń gbẹ ṣáájú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ kíkùn yẹ ọkọ̀ náà wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi sánpépà gbo ó, kí n tún un kùn.” Mo dá a lóhùn pé, “Àbúrò, ọ̀dà kò ṣe nǹkan kan. Òkúta ni ó gùn ún.” Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ọ̀dà wọn ṣì dára ni wọ́n ti ha bẹ́ẹ̀ láìnídìí.

Mo kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, nítorí pé bí iyanrìn bá wà lábẹ́ aṣọ, òun ni yóò ha ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni mo fi orí ìka yẹ àwọn àmì náà wò. Èyí tí ó bá ga sókè lábẹ́ ìka, tí ó sì rí ṣákaṣàka, orí ọ̀dà ni ó ṣì wà, nǹkan kíkan sì lè ká a kúrò. Èyí tí ojú rí ṣùgbọ́n tí ìka kò bá ohunkóhun, tàbí tí ó bá kòtò, ti jẹ wọ inú ìpele dídán tí ó bo ọ̀dà lójú. Ìpele yìí kò nípọn rárá, kì í sábà ju ìdá kan nínú ogún mílímítà kan lọ, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gé e dànù bí ó ti wù ú.

Fínígà funfun tí a fi ń se oúnjẹ ni mo lò, èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ 5%, mo sì fi omi òjò là á ní ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan. Abẹ́ igi ni mo gbé ọkọ̀ sí, mo sì dúró títí ara rẹ̀ fi tutù. Mo ti aṣọ microfiber bọ inú fínígà náà, mo fún un díẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé àwọn àmì lórí, mo sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe ká etí aṣọ náà sókè, mo rí ìfófòó wínníwínní tí ó ń jáde láti ara àwọn òrùka tí ó nípọn. Carbon dioxide ni, òkúta náà ti ń yọ́. Mo rọra nù ún láìtẹ̀ ẹ́, mo fi ọṣẹ ìfọkọ̀ fọ ibẹ̀ kí ásíìdì má bàa kù síbẹ̀, mo sì ṣan án kí n tó bọ́ sí apá mìíràn. Fínígà kò gbọdọ̀ gbẹ sára ọ̀dà, kò sì yẹ kí ó pẹ́ lára alumíníọ́ọ̀mù tí a kò kùn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ásíìdì bátìrì tàbí èyí tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Á jẹ òkúta náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n á jẹ irin, á jẹ ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó, èéfín rẹ̀ á sì ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́.

Àwọn àmì tí ó ti jẹ wọlé kò gbọ́ ti fínígà. Pólíìṣì tí ó kúnná jù ni mo fi ọwọ́ ra wọ́n, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn sì pòórá. Àwọn díẹ̀ ṣì wà lórí òrùlé tí mo fi sílẹ̀, torí pé mo fẹ́ kí ìpele dídán náà pẹ́ fún mi. Ti gíláàsì iwájú yàtọ̀, nítorí pé silica, èròjà tí ó pọ̀ nínú iyanrìn, wà nínú ìpẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, fínígà kì í sì í yọ́ silica. Ìyẹ̀fun cerium oxide, èyí tí wọ́n fi ń dán gíláàsì, tí mo pò mọ́ omi ni mo fi fóòmù ra á, tí mo ń fi omi wọ́n ọn kí ó má bàa gbẹ.

Ní ti kí àwọn àmì náà má padà wá, mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ táǹkì. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fọ̀ ọ́ báyìí, mi ò sì fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí pé ó ń bọ́ ìda kúrò lára ọ̀dà. Omi kànga-dẹ̀rọ ni mo ṣì ń fi fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni mo fi ń ṣan án kẹ́yìn. Omi òjò kò bá òkúta pàdé rí, nítorí náà kò ní ohun tí yóò fi sílẹ̀. Èyí tí páànù bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa ń dà nù, torí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Omi tí ó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà dára bẹ́ẹ̀, ìrì inú afẹ́fẹ́ ni, mo sì ti gbé garawa sábẹ́ tiwa. Bí mo bá ṣan ọkọ̀ tán, mo ń fi microfiber gbígbẹ nù ún láti òrùlé wá sísàlẹ̀, títí dé abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ àti etí búùtù tí omi máa ń sá pamọ́ sí. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo ń fi ìda ra á, kí omi lè máa yọ̀ kúrò kíákíá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àgbá omi òjò bá ti gbẹ, tí garawa abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kò sì kún, mo ń fọ apá kan ọkọ̀ náà, mo ń nù ún gbẹ pátápátá, kí n tó da omi sí apá kejì.